Òòfà Ilẹ̀, Ipa Ọ̀nà Ọta, àti Ìfojúsùn

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ìwà àìbìkítà ni òwe náà ń kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn kì í sábà dúró tú wò. Bí òkò bá ti kúrò ní ọwọ́ ẹni tí ó sọ ọ́, àṣẹ ẹni náà lórí rẹ̀ ti parí. Kò lè pè é padà, kò sì lè yí i sí apá ibòmíràn lójú ọ̀nà. Agbára mìíràn ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, agbára náà ni yóò sì pinnu ibi tí òkò náà yóò balẹ̀ sí. Òòfà ilẹ̀ ni a ń pe agbára yìí: fífà tí ilẹ̀ ayé ń fa ohun gbogbo sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, yálà ohun náà dúró jẹ́ẹ́ tàbí ó ń sáré, yálà ó wúwo tàbí ó fúyẹ́.

Ní agbègbè Akínyẹlé, ní àríwá ìlú Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Láti Mọ́níyà dé Ìròkò, láti Ọlọ́rìṣà-Oko dé Ìjàyè-Òrílé, ilẹ̀ àgbẹ̀ àti ilẹ̀ ọdẹ ni ó pọ̀ jù. Kànnàkànnà ni ọmọdé fi ń lé ẹyẹ ẹ̀gà kúrò lórí ọkà. Ìbọn ṣakabùlà ni ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká wọ inú igbó ní òru. Ìjàyè fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ojú ogun kan tí ìtàn Yorùbá kò lè gbàgbé. Àgbà ọdẹ tí kò ka ìwé rí a máa gbé ẹnu ìbọn rẹ̀ sókè díẹ̀ bí ẹran bá jìnnà. Bí a bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a lọ́wọ́ baba òun. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdí kan wà lẹ́yìn àṣà baba rẹ̀. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé ìdí náà, kí a sì fi hàn pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ni ó lè mọ̀ dájú ibi tí ọta òun yóò balẹ̀ sí nígbà tí ó bá tàsé.

I. Bí ohun ṣe ń já bọ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé iye àkókò ni a fi ń wọn iṣẹ́ òòfà ilẹ̀. Bí a bá jọ̀wọ́ òkúta kan láti ibi gíga, láìsọ ọ́ àti láìtì í, yóò ti já bọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 láàárín ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá di ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, yóò ti já bọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Bí ìṣẹ́jú àáyá kan bá pé, ẹsẹ̀ bàtà 16 ni. Bí ó bá di ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹsẹ̀ bàtà 64 ni. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé nígbà tí àkókò di ìlọ́po méjì, ìjábọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí ó fà á ni pé òkúta náà kò já bọ́ pẹ̀lú eré kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ ń fà á: ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 32, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 9.8, ni a ń fi kún eré tí ó ń sá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun kejì ni pé òòfà ilẹ̀ kì í ṣe ojúsàájú láàárín ohun tí ó wúwo àti ohun tí ó fúyẹ́. Bí àgbọn kan àti èkùrọ́ kan bá já lórí igi gíga lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀ pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbọn wúwo ju èkùrọ́ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ewé ni kì í tètè dé ilẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé ilẹ̀ kò fà á tó. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e dúró. Ibi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, ewé àti òkúta yóò jọ balẹ̀. Ní ọdún 1971, David Scott, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ Apollo 15 gbé lọ sí òṣùpá, di òòlù mú ní ọwọ́ kan, ó di ìyẹ́ àṣá mú ní ọwọ́ kejì, ó sì jọ̀wọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òòlù àti ìyẹ́ jọ balẹ̀, nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀ tí yóò dí ìyẹ́ náà lọ́wọ́.

II. Ìrìn méjì nínú ìrìn kan

Ìbéèrè tí ó kàn ni èyí: bí ohun kan bá ń sáré lọ síwájú, ǹjẹ́ ilẹ̀ ṣì ń fà á bí ó ti ń fa ohun tí ó dúró? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nínú ọkàn wọn pé ọta ìbọn yára tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ kò fi ní àyè láti fà á, àti pé ìgbà tí agbára ẹ̀tù bá tán lára rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Èrò yìí kì í ṣe ti àwọn tí kò kàwé nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù, tí wọ́n ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Aristotle, fi gbà pé ohun tí a sọ a máa lọ tààrà títí agbára tí a fi sọ ọ́ yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ tó láti tú èrò náà ká. Bí ọkọ̀ kan bá ń lọ geere lórí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tí èrò kan tí ó jókòó nínú rẹ̀ sì ju ọsàn kan sókè níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1, ọsàn náà kì í dúró sẹ́yìn kí ó bọ́ sí ara ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó jù ú ni ó ń padà sí. Ọsàn náà ń bá ọkọ̀ lọ síwájú, ó sì ń gòkè, ó sì ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrìn síwájú kò dí ìrìn sókè sódò lọ́wọ́. Ìrìn sókè sódò kò sì dí ìrìn síwájú lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọta. Kí a fi ojú inú wo pápá kan tí ó tẹ́jú dáadáa. Ọkùnrin kan na ìbọn rẹ̀ síwájú, ọ̀pá ìbọn náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ilẹ̀, kò sì dagun sókè tàbí sí ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kejì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ọta kan náà mú ní ọwọ́ ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 4. Ní ìgbà tí ọta àkọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ìbọn, ọkùnrin kejì jọ̀wọ́ tirẹ̀. Méjèèjì ni yóò balẹ̀ ní ìgbà kan náà, lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀kan yóò bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí eré èkejì bá tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí 500 ẹsẹ̀ bàtà ni yóò lọ kí ó tó balẹ̀, bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò. Eré kò gba ọta lọ́wọ́ òòfà ilẹ̀. Ohun tí eré ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ọta rìn jìnnà kí àkókò tó pọ̀.

Galileo, ará Ítálì, ni ó gbé òtítọ́ yìí kalẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1638. Ó fi hàn pé bí a bá pa ìrìn síwájú tí kò yí padà pọ̀ mọ́ ìjábọ́ tí ń pọ̀ sí i, ọ̀nà tí ohun náà yóò tọ̀ a máa tẹ̀ bí ọrun, ó sì ń jẹ́ párábólà nínú ìmọ̀ ìṣirò. Kò sí ibì kan ní ọ̀nà náà tí ó tọ́ gbọn-ọn; láti ẹnu ìbọn gan-an ni ó ti ń tẹ̀. Ní ọdún 1687, Isaac Newton, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé fífà kan náà yìí tí ń mú èso já bọ́ lórí igi ni ó so òṣùpá mọ́ ilẹ̀ ayé, tí kò fi lè sá lọ.

III. Ìlà ojú àti ọ̀nà ọta

Nísinsìnyí ni a tó lè dé orí ọ̀rọ̀ ìfojúsùn. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ara ẹran wá sí ojú ọdẹ ń rìn ní ìlà tààrà. Ọta tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ọdẹ lọ sí ara ẹran kì í rìn ní ìlà tààrà. Gbogbo ìṣòro ìfojúsùn wà nínú ìyàtọ̀ yìí. Bí ọdẹ bá na ọ̀pá ìbọn tàbí ọfà rẹ̀ gan-an sí ibi tí ojú rẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni yóò bà, ìwọ̀n bí yóò sì ti lọ sí ìsàlẹ̀ tó wà lọ́wọ́ iye àkókò tí ọta tàbí ọfà náà bá lò lójú ọ̀nà.

Kí a mú ọfà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọfà kan bá ń sá 150 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àgbọ̀nrín sì dúró ní ibi tí ó jìnnà ní 75 ẹsẹ̀ bàtà, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ọfà náà yóò lò. Láàárín àkókò náà yóò ti já bọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 kúrò ní ìlà tí a nà án sí. Ẹni tí ó bá na ọfà tààrà sí àyà àgbọ̀nrín, iwájú ẹsẹ̀ ẹran náà ni ọfà rẹ̀ yóò gún. Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí òkè àyà náà ni ó yẹ kí ó na ọfà sí. Àwọn tí ń fi ọrun àti ọfà jagun kí ìbọn tó dé ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí nínú iṣan apá wọn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi nọ́ńbà kọ́ wọn.

Ti ìbọn kò yàtọ̀ ju pé eré rẹ̀ pọ̀. Fún ọta tí ń sá 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹran tí ó wà ní 100 ẹsẹ̀ bàtà kò fún òòfà ilẹ̀ ní àyè ju ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìjábọ́ náà kò sì ju nǹkan bí íǹṣì 2 lọ. Èyí ni ó jẹ́ kí ọdẹ tí kì í yìn ìbọn títí ẹran yóò fi sún mọ́ ọn rò pé ọta ń lọ tààrà. Ṣùgbọ́n bí ẹran náà bá wà ní 500 ẹsẹ̀ bàtà, ìjábọ́ di ẹsẹ̀ bàtà 4. Bí ó bá wà ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó di 16. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kò tíì wọ inú ìṣirò wa; afẹ́fẹ́ a máa dín eré ọta kù lójú ọ̀nà, nípa bẹ́ẹ̀ ó ń fún òòfà ilẹ̀ ní àkókò sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń yìn ìbọn, pé ọta a máa kọ́kọ́ gòkè lẹ́yìn tí ó bá jáde kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Ojú wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí ohun tí wọ́n rí. Ẹni tí ó ṣe ìbọn tí a lè fi ojú sun ọ̀nà jíjìn ti fi irin ìfojúsùn sí orí rẹ̀ lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé bí ojú bá ń wo ìbú gbọn-ọn, ẹnu ọ̀pá ìbọn á dagun sókè díẹ̀. Nítorí náà ọta a máa la ìlà ojú kọjá lọ sí òkè, yóò sì tún padà la á kọjá ní ìsàlẹ̀ bí ó bá ti jìnnà. Bí a bá fi wé ìlà ojú, lóòótọ́ ni ó gòkè. Bí a bá fi wé ìlà ọ̀pá ìbọn tí ó ti jáde, láti ìgbà tí ó ti jáde ni ó ti ń já bọ́. Irin kékeré tí a ń gbé sókè sódò lórí àwọn ìbọn kan, tí a kọ nọ́ńbà jíjìnnà sí lára, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó sọ fún ọwọ́ iye tí òòfà ilẹ̀ yóò gbà lára ọ̀nà ọta.

IV. Ọ̀nà jíjìn àti ìdènà afẹ́fẹ́

Ọmọ tí ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ kì í fi ojú sun ẹyẹ kan ṣoṣo; ohun tí ó ń fẹ́ ni kí òkò rẹ̀ jìnnà. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó sọ ọ́? Bí ó bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀ jù, kò ní pẹ́ tí yóò fi balẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ sókè jù, yóò pẹ́ lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n kò ní lọ síwájú tó. Ibi tí ó dára jù ni àárín méjèèjì, ìyẹn dígírì 45. Tartaglia, ará Ítálì mìíràn, ti sọ èyí nípa ìbọn ńlá nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1537, kí Galileo tó wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí òkò bá kúrò nínú kànnàkànnà pẹ̀lú eré 80 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sọ ọ́ ní dígírì 45, yóò ga dé 50 ẹsẹ̀ bàtà, yóò sì balẹ̀ ní nǹkan bí 200 ẹsẹ̀ bàtà sí ẹni tí ó sọ ọ́. Bí a bá sọ ọ́ ní dígírì 30, tàbí ní dígírì 60, ibì kan náà ni méjèèjì yóò balẹ̀ sí, níwọ̀n 173 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀kan yóò gba ìsàlẹ̀ tètè dé, èkejì yóò gba òkè pẹ́ kí ó tó dé.

Fún òkò tí eré rẹ̀ kò pọ̀, ìṣirò yìí sún mọ́ òtítọ́. Fún ọta ìbọn, ó jìnnà sí i. Benjamin Robins, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1742 lórí ìmọ̀ ìbọn. Ó yin ọta sínú pákó wíwúwo tí a so rọ̀, ó sì fi bí pákó náà ti fì tó wọn eré ọta. Ohun tí ó rí ya àwọn onímọ̀ ìgbà náà lẹ́nu: afẹ́fẹ́, tí ojú kò rí, ń dènà ọta tí ń sáré gan-an ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ìdí nìyí tí ipa ọ̀nà ọta kì í fi í ṣe ọrun tí apá rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Apá ìgòkè rẹ̀ gùn, ó sì rọra tẹ̀. Apá ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì dòdò. Ọta kékeré tí ó fúyẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń tètè borí. Ọta ńlá tí ó wúwo a máa pa eré rẹ̀ mọ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

V. Láti Ìjàyè dé Kírìjì

Bí a bá ti mọ nǹkan wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe láti wo ogun méjì nínú ìtàn Yorùbá, kí a sì rí ohun tí ìwé ìtàn kì í sábà tẹnu mọ́.

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà, Adélù ọmọ rẹ̀ sì gun orí ìtẹ́. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti gbà á ní ọba, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá, tí ó jẹ́ Ọ̀tún rẹ̀, ni ó ṣíwájú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá sì wá gbèjà Ìjàyè. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta ọdún 1862 ni ìlú náà ṣubú.

Ìbọn tí ó pọ̀ jù ní ọwọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì ni ìbọn gígùn tí a ń ti ẹnu ki, tí òkúta ìṣáná ń tan iná sí ẹ̀tù rẹ̀. Inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán, ọta kì í sì í ṣe déédéé rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lára ọ̀pá kí ó tó jáde. Ọwọ́ ni a fi ń bu ẹ̀tù, nítorí náà ẹ̀tù òwúrọ̀ lè pọ̀ ju ẹ̀tù ọ̀sán lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo jagunjagun ni ó ń fi ìdí ìbọn ti èjìká kí ó tó yìn ín. Kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìfojúsùn. Òòfà ilẹ̀ kò yí padà láti ọta kan sí èkejì, ṣùgbọ́n eré ọta ń yí padà, àkókò ojú ọ̀nà sì ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Jagunjagun tí kò mọ àkókò tí ọta rẹ̀ yóò lò kò lè mọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí òun gbé ẹnu ìbọn sókè. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù fún un: kí ó sún mọ́ ọ̀tá títí ìjábọ́ náà kò fi ní tó nǹkan. Ní ibi tí ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀tá náà lè rí i, ó sì lè yìn ín. Ìgboyà tí a fi ń yin àwọn akọni ìgbà náà ní ìṣirò yìí nínú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ó fi di ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1878, tí àdéhùn ọdún 1886 sì mú kí ìjà dáwọ́ dúró, ọ̀ràn ti yí padà. Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹgbẹ́ ogun Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà dojú kọ Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà jẹ́ olórí ogun rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó bá àwọn ará ilé wọn wá ìbọn tuntun, lára rẹ̀ sì ni Snider, tí a ń ti ìdí ki. Ìró àwọn ìbọn náà ni a gbọ́ pé ó sọ ogun náà ní Kírìjì.

Ènìyàn lè rò pé eré ọta Snider ni ó fún un ní agbára. Bẹ́ẹ̀ kọ́ pátápátá. Ìbọn ṣakabùlà tí a ki dáadáa lè yin ọta jáde pẹ̀lú eré tí kò kéré sí i tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé inú akoto ni ẹ̀tù Snider wà, ìwọ̀n kan náà ni nígbà gbogbo. Ìlà tí a gbẹ́ yípo sí inú ọ̀pá rẹ̀ a máa mú kí ọta yí bí òkòtò, kí ó má bàa takìtì lójú ọ̀nà, ọta náà sì gùn, ó sì wúwo, débi pé afẹ́fẹ́ kò tètè gba eré rẹ̀. Ọta òní ń ṣe bí ọta àná. Nípa bẹ́ẹ̀ ìjábọ́ rẹ̀ ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀, a sì lè kọ ọ́ sára irin ìfojúsùn. Ẹni tí ó ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè dúró sí ibi tí ọta ṣakabùlà kò ti lè fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan, kí ó sì máa yìnbọn. Òòfà ilẹ̀ Kírìjì kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí òòfà ilẹ̀ Ìjàyè; ìbọn tí ó gbà kí a ṣírò rẹ̀ ni ó ti dé.

VI. Ẹran orí igi àti ẹran ìsàlẹ̀ òkè

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó kan ọdẹ gbọ̀ngbọ̀n. Ọdẹ kì í fìgbà gbogbo yìnbọn lórí ilẹ̀ tẹ́jú. Ọ̀bọ a máa wà lórí igi. Ọdẹ tí ó gẹ̀gùn sórí igi a sì máa yìnbọn sí ẹran tí ó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí a bá ń yìnbọn sókè, a gbọ́dọ̀ gbé ẹnu ìbọn sókè sí i nítorí pé ilẹ̀ ń fa ọta padà, àti pé bí a bá ń yìnbọn sí ìsàlẹ̀, a gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ń ran ọta lọ́wọ́. Òtítọ́ ni pé ohun kan náà ni ó yẹ kí a ṣe fún méjèèjì: kí a dín ìwọ̀n tí a fi ń gbé ẹnu ìbọn sókè kù.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Òkè ni ilẹ̀ ti ń fa ọta wá sí ìsàlẹ̀ gangan. Bí ọta bá ń lọ ní ìbú, gbogbo fífà náà ni ó ń mú un yà kúrò ní ìlà ojú. Bí ọta bá ń gòkè lọ tààrà, kò sí èyí tí ó ń mú un yà rárá. Gbogbo rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn lórí ìlà tí ó ń tọ̀ ni, eré rẹ̀ ni ó ń dín kù. Láàárín méjèèjì, apá kan ń dín eré kù, apá kan ń mú un yà. Bí ìbọn bá dagun sókè ní dígírì 60, ìdajì ìyàpa ti orí ilẹ̀ tẹ́jú ni yóò kù. Ọdẹ tí ó bá fi ìwọ̀n ilẹ̀ tẹ́jú yìnbọn sí ẹran tí ó jìnnà lórí òkè tàbí ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, òkè ẹran náà ni ọta rẹ̀ yóò gbà kọjá. Fún ṣakabùlà àti ẹran tí ó wà nítòsí, ìyàtọ̀ náà kò tó íǹṣì 2. Fún ìbọn tí ń yin ọta jìnnà, òun ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ tàsé.

VII. Ibi tí ọta ń balẹ̀ sí

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ kò dúró lórí pípa ẹran nìkan. Ọta tí ó bá ẹran ti parí ìrìn rẹ̀. Èyí tí ó tàsé ni ó ṣì ń lọ, òòfà ilẹ̀ nìkan ni yóò sì mú un balẹ̀.

A ti rí i pé ọta tí a yìn ní ìbú láti gíga ẹsẹ̀ bàtà 4 yóò balẹ̀ lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí ó tó lọ ju nǹkan bí 500 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bí ọ̀pá ìbọn náà bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ọdẹ sì gbé ẹnu rẹ̀ sókè ní nǹkan bí íǹṣì 4 péré, ìyẹn dígírì 5, ọta kan náà yóò wà lójú ọ̀run fún ìṣẹ́jú àáyá 5 ó lé díẹ̀. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, yóò lọ ju máìlì kan lọ. Afẹ́fẹ́ yóò gé ọ̀nà náà kúrú púpọ̀, àgàgà fún ọta wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò yí padà: gbígbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀ a máa sọ ọ̀nà ọta di ìlọ́po lọ́nà tí ojú ọdẹ kò lè rí ní òru.

Nígbà kan, igbó ni ó wà lẹ́yìn ẹran ní Akínyẹlé, igbó mìíràn sì wà lẹ́yìn igbó. Ìbàdàn ti tàn dé ibẹ̀ báyìí. Ilé ti kún Òjóò àti Sàsá; ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, IITA, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967; Mọ́níyà sì ni ibùdókọ̀ ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, wà. Abúlé tí ó wà ní ìdajì máìlì sí oko ọdẹ ní àná lè ti sún mọ́ ọn ní òní. Ìbọn tí baba yìn láìbẹ̀rù kò ṣeé yìn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbọn kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ ìbọn tí a ń yìn sójú ọ̀run níbi ayẹyẹ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ọdẹ bá ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ wọn tí ó kú, ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń ki. Ìró ni wọ́n ń fẹ́, wọn kì í fi ọta sí i. Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú àṣà náà. Ẹni tí ó bá yin ìbọn tí ó ní ọta sókè níbi ìyàwó tàbí ìkómọ ń rò pé ojú ọ̀run gba ọta náà. Ojú ọ̀run kì í gba nǹkan kan. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, eré tí ọta fi lọ ni yóò fi padà. Afẹ́fẹ́ ń dín in kù púpọ̀. Julian Hatcher, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1947 pé ọta ráífù tí ó fi eré 2,700 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan gòkè a máa padà pẹ̀lú nǹkan bí 300. Eré 300 náà tó láti ṣe orí ènìyàn léṣe gidigidi, bí ìbọn náà bá sì dagun díẹ̀, tí ọta kò lọ sókè gangan, eré tí yóò fi balẹ̀ a máa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun méjì péré ni ẹni tí ó yìnbọn ní àṣẹ lé lórí: apá ibi tí ó na ẹnu ìbọn sí, àti ìwọ̀n ẹ̀tù tí ó ki. Ìyókù di ti ilẹ̀ àti ti afẹ́fẹ́, àwọn méjèèjì kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kí ọdẹ tó fa ìbọn, kí ó wo ẹran, kí ó sì wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹran. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ òkè tàbí ebè ni ó wà níbẹ̀, ilẹ̀ yóò gba ọta tí ó bá tàsé. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀run ni ó wà níbẹ̀, kí ó fi ẹran náà sílẹ̀. Ẹni tí ó lè sọ ibi tí ọta òun yóò balẹ̀ sí bí ó bá tàsé, òun ni ó mọ ìbọn yìn.